Abo Ẹṣin Tó Gbé Balógun Wálé

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun padà dé, kò kọ́kọ́ sẹ́ni tó hó ìhó ayọ̀. Ìròyìn ti ṣáájú wọn dé pé àwọn ọ̀tá ti sá kọjá odò, ṣùgbọ́n Balógun fúnra rẹ̀ kò sí láàárín àwọn tó ń wọlé. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ti káwọ́ lérí kí abo ẹṣin pupa kan tó yọ lẹ́nu bodè. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń rìn, ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ sì bò ó dé ikùn. Ọkùnrin kan dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, ó di irun ọrùn rẹ̀ mú bí ọmọ ṣe ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Balógun ni. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ó ń mí ni ìlú tó hó yèè.

Gbogbo èèyàn sáré sí Balógun. Obìnrin kan ṣoṣo ló sáré sí ẹṣin.

Àbúrò olórí agbẹ́gilére ni obìnrin yìí, opó tó ń gbẹ́gi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ilé baba wọn. Ìyàwó Ẹṣin ni wọ́n ń pè é, torí kí oòrùn tó yọ, ó ti máa ń wà níbi tí wọ́n ń so ẹṣin ọba mọ́, tí á máa fọwọ́ pa wọ́n lọ́rùn, tí á máa wo bí iṣan ṣe ń yí lábẹ́ awọ wọn. Bí àwọn obìnrin bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ọkọ tèmi kì í mutí, kì í purọ́, ó sì mọ ọ̀nà ilé. Tẹ̀yin ńkọ́?"

Kò pẹ́ tí ọba fi ránṣẹ́ pe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ọba jókòó nínú ẹ̀wù àrán, Balógun sì wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi di àyà rẹ̀.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀." Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, àbúrò kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde. Ẹ bá mi gbẹ́ Balógun lórí ẹṣin. Ẹnu bodè ni ère náà máa dúró sí, kí ẹni tó bá ń wọlé lè mọ irú ìlú tó ń wọ̀."

"A dúpẹ́, Kábíyèsí," ni obìnrin náà wí. "Abo ẹṣin yẹn ńkọ́?"

Balógun kọjú sí ògiri. Olùtọ́jú ẹṣin ló dáhùn. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Balógun ti ní ká pa á, kó má bàa jìyà mọ́."

"Kábíyèsí, mi ò lè gbẹ́ ohun tí mi ò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a sí títí iṣẹ́ á fi parí."

Ọba wo Balógun. "Ó dáa. Ọjọ́ tí ère bá dúró, ẹ jẹ́ kó sinmi."

Lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. "O ò rí i pé ìwọ gan-an lo máa pọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n máa fi pa á?"

"Mo rí i," ni àbúrò wí.

Wọ́n so ẹṣin mọ́ ẹ̀yìn ilé. Bí obìnrin náà bá gbẹ́gi títí, á fi àáké sílẹ̀, á fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ ẹṣin, á fi aṣọ dì í. Ó gbìyànjú láti ṣe ìmẹ́lẹ́ kí iṣẹ́ lè falẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kan igi, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbà. Ẹwà ẹṣin náà ń tì í síwájú.

Láyé ìgbà yẹn, bí agbẹ́gilére bá gbẹ́ ẹlẹ́ṣin, ọkùnrin á ga gògòrò, ẹṣin á kéré bí àpótí ìjókòó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí i pé ẹṣin ló gba gbogbo ìtì igi, tí Balógun sì tẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, ó figbe ta.

"Bí baba wa ṣe ń gbẹ́ ẹ kọ́ nìyí! Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré."

"Bí ti iwájú bá jẹ́ ewúrẹ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọkùnrin náà, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́. "Wọ́n máa bẹ́ wa lórí. Balógun tó dì mọ́ ẹṣin bí ọmọ ọwọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà wà lẹ́nu bodè lọ́jọ́ yẹn. Báwo lẹ ṣe rí i?"

Ẹ̀gbọ́n yí igi náà po, ó wá mú ọ̀bẹ rẹ̀. "Sún síbẹ̀ yẹn. Pátákò ẹ̀yìn yìí ò tíì jọ pátákò."

Ọjọ́ tí ère dúró, èèyàn kún ẹnu bodè fọ́fọ́. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀.

"Àbùkù rèé!" ni ìjòyè kan pariwo. "Ẹṣin tóbi ju Balógun lọ! Wọ́n sì gbẹ́ akọni bí ojo!"

Balógun fi ọ̀pá tilẹ̀ wá síwájú. Ó fọwọ́ kan etí ẹṣin onígi náà, èyí tó tẹ̀ sẹ́yìn.

"Bó ṣe dẹ etí sẹ́yìn nìyí," ló wí jẹ́jẹ́, "tó ń gbọ́ bóyá mo ṣì ń mí." Ó kọjú sí ìjòyè náà. "Èmi kọ́ ni mo gun ẹṣin wálé. Ẹṣin ló gbé mi wálé. Mo ní kí wọ́n pa á torí ó gbọ́ ẹkún mi nínú odò, ojú ń tì mí láti rí i."

Ìgbà yẹn gan-an ni olùtọ́jú ẹṣin fa abo ẹṣin pupa dé láti ẹ̀yìn ilé agbẹ́gilére, kí wọ́n lè pa á bí ọba ṣe wí. Ó ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi tẹlẹ̀. Balógun ṣí fìlà. Ó ju ọ̀pá nù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú ẹṣin.

Ọba bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló láyà láti pa ẹni tí Balógun dọ̀bálẹ̀ fún? Ìyàwó Ẹṣin, mú ọkọ rẹ lọ sílé!"

Ìhó tí ìlú hó lọ́jọ́ náà ju ti ìṣẹ́gun lọ.

Láti ìgbà náà, kò sí agbẹ́gilére tó tún gbẹ́ ẹṣin kékeré ní ìlú yẹn. Nígbà tí ogun wá sú gbogbo èèyàn, olórí ogun àwọn ọ̀tá fúnra rẹ̀ gẹṣin wá láti bá ọba ṣàdéhùn àlàáfíà. Ó dé ẹnu bodè, ó rí ère, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó títí omi fi lé sí i lójú.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ń wú bí àkàrà inú epo. "Òun nìyẹn."

Àbúrò ò gbọ́ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ojú rẹ̀ wà lára akọ ẹṣin dúdú tí àlejò gùn wá.

"Ẹ kú ìrìn," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fọwọ́ kàn án lọ́rùn?"

Olórí ogun fa ìjánu lé e lọ́wọ́.