Efinrin Inú Ìgò

Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń kọ́ nípa kòkòrò àrùn náà kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, ẹnu ọ̀nà yàrá ìwádìí ni ọkùnrin náà dúró sí, ó gbá ẹrù efinrin mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, omi ewé sì ń kán sí bàtà rẹ̀. Ogún ọdún rèé; àwọn méjèèjì ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin lẹ ń wá ewé tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró?”

“Èmi ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń fi í tọ́jú àwọn ọmọdé?”

“Màmá mi ni. Èmi kàn ń gbé ẹrù. Ẹ̀rín sì ni owó iṣẹ́ mi.”

Ọmọbìnrin náà ti san án kó tó mọ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni ọkùnrin náà ń wá. Ó sọ ọmọbìnrin ní Dókítà Kòkòrò. Òun náà sọ ọ́ ní Olóko. Wọn kò pe ara wọn ní “ẹ” mọ́.

Ìwádìí parí. Kòkòrò àrùn hù bo gbogbo àwo ìdánwò tí wọ́n kán omi ewé náà sí. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ pé ewé náà kò wúlò, ọ̀gá rẹ̀ sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú láìbéèrè ohunkóhun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn aláṣẹ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ìyá ọkùnrin náà pé ẹlẹ́tàn ni. Òǹtẹ̀ pé, ọjọ́ pé. Òtítọ́ nìkan ni wọn kò rí àyè fún.

Ọkùnrin náà dé láìgbé ẹrù. Ó ṣí ìgò omi efinrin tó wà lórí tábìlì ọmọbìnrin náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Òórùn rẹ̀ dà?”

“Mo sè é ni. Gbogbo ohun tó máa dé orí àwo la máa ń sè, kí kòkòrò mìíràn má baà bá a wọlé.”

“Màmá kì í gbé e kaná. Tútù ni wọ́n máa ń fún omi rẹ̀ jáde. Ẹ ti sè é dànù, Dókítà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ bi wá rí?”

Ó lọ, kò sì padà.

Ọmọbìnrin náà fún omi efinrin jáde ní tútù, ó sẹ́ ẹ gba inú asẹ́ tí kòkòrò kò lè gbà kọjá. Ní ọjọ́ kejì, ibi tí oògùn kán sí lórí àwo mọ́ roro.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí. “Bí o bá fa ìwé àbọ̀ ìwádìí yẹn yọ, o ò ní gboyè lọ́dún yìí. Ta ló ń wá ìyá eléwé?”

“Èmi ni, sà.”

Ó fà á yọ. Ó kọ òmíràn, ó fọwọ́ sí i: èmi ni mo ṣàṣìṣe, ìyá yìí kò tan ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìyá náà.

“Kí ni wọ́n ṣe sí ọ nítorí èyí, ọmọ mi?” ni ìyá náà béèrè.

“Wọ́n dá ìwé ẹ̀rí mi dúró, mà.”

Ọkùnrin náà jáde, ó bá a di etí ìwé náà mú.

“Ta ló máa fẹ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú èyí?” ni ọmọbìnrin náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Èmi. Bí o bá gbà, ìwọ ni màá fẹ́.”

“Mo gbà.”

“Ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ tán ná,” ni ìyá náà wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.