Rọ́ọ̀mù Inú Ife Gígùn

Orí Hamish kọ́kọ́ gbá igi àjà, gbòà, kí ó tó jókòó. Kò sí ẹni tó wọ ilé ọtí Ọ̀dọ́ Àgùntàn tí igi yẹn kì í kí. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá sí Tasmáníà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ilé náà láyé ọjọ́un, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo wọn ò ga ju ìgò lọ. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé bí o bá sín nínú rẹ̀ lónìí, ọ̀la ni ará ìta máa tó kí ọ pé pẹ̀lẹ́.

“Láti kékeré lo ti ń wọ ibí,” Brodie sọ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, “orí ẹ ò tíì mọ̀nà!”

“Fi í sílẹ̀ jàre,” Tegan ní. “Igi yẹn ló ń fún un lọ́gbọ́n.”

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí fèrèsé lọ́sàn-án Sátidé náà, tí ẹran àgùntàn yíyan àti ọ̀dùnkún díndín kún iwájú wọn bí òkè. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Nítorí Tegan ni wọ́n ṣe wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀ àgbà wà níta, káàdì funfun tí wọ́n kọ lẹ́tà P pupa sí lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé awakọ̀ tuntun ló ń bọ̀. Ọkọ̀ náà ti dógùn-ún débi pé bí o bá fọ̀ ọ́ dáadáa, táyà nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n lójú Tegan, ọkọ̀ òfuurufú ni.

Kì í ṣe fàájì ni Tegan fẹ́ fi láísẹ́ǹsì náà ṣe. Kíndìnrín bàbá rẹ̀ àgbà ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tó wà ní Launceston ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, bọ́ọ̀sì kì í sì í dé ìlú wa lọ́jọ́ Sátidé. Aládùúgbò tó máa ń gbé bàbá lọ ti kó lọ sí òkè òkun. Tegan àti bàbá nìkan ló wà nílé. Bí Tegan ò bá wakọ̀, bàbá ò ní débẹ̀. Òfin sì le fún awakọ̀ tuntun: ẹ̀kán ọtí kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀ tó bá wà nídìí ọkọ̀. Bí ọlọ́pàá bá bá a lára rẹ̀, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì náà.

“Aago méjì ni wọ́n ń retí bàbá,” Tegan ní, ó ń wo aago. “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú láti àná. Ẹ jẹ́ ká tètè jẹun.”

“Kí o tó lọ, o máa gbé Ife Gígùn!” Brodie ní.

Àṣà ìlú wa nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, omi atalẹ̀ aládùn tí kò ní ọtí nínú la máa ń rọ sínú ife kan tó wà lára ògiri níbẹ̀. Ife náà gùn tó ọrùn àgùnfọn, ìdí rẹ̀ sì rí rogodo bí akèrègbè. Ẹni tó bá ń mu ún ní láti máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá kánjú báyìí, atẹ́gùn á kó sí ìdí ife, gbogbo omi á sì ya lù ú lójú bí ẹni tí ìsun omi fọ́ sí lórí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìwẹ̀ yẹn gan-an làwọn èèyàn máa ń wá wò.

Àǹtí Dot, ìyá tó ni ilé ọtí, lọ gbé ife náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Brodie ní òun máa lọ gbé jọ́ọ̀gì omi atalẹ̀ wá. Hamish dìde láti bá a gbé nǹkan.

Ọ̀nà kọ́rọ́ kan wà lẹ́yìn káńtà. Ibẹ̀ ni Hamish ti bá Brodie. Brodie fa ìgò pẹlẹbẹ kan yọ láti inú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń da rọ́ọ̀mù, ọtí líle, sínú jọ́ọ̀gì náà gbuu.

“Brodie! Kí lò ń ṣe yìí?”

“Pa ẹnu ẹ mọ́. Kó kàn lè dùn díẹ̀ ni.”

“Ó máa wakọ̀ o! Bàbá ẹ̀...”

“Díẹ̀ ni, ọ̀rẹ́. Ojú rẹ̀ kàn máa pọ́n, a máa rẹ́rìn-ín, ó tán.” Ó sún mọ́ ọn, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Àbí o fẹ́ di olófòófó?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Hamish lára bí omi yìnyín. Nílùú wa, kò sí èébú tó burú tó o. A ní bàbá kan tó fẹjọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sun tíṣà nígbà tó wà ní kíláàsì kejì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, títí dòní wọn ò tíì jẹ́ kó gba bọ́ọ̀lù. Brodie sì ni olórí gbogbo ọmọkùnrin kíláàsì. Ẹni tó bá yọ lẹ́gbẹ́, ó di ẹni tí ń jẹun nìkan nìyẹn.

Hamish padà sórí àga. Ọ̀dùnkún tó wà lẹ́nu rẹ̀ di òkúta. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òun máa wá ọgbọ́n dá a dúró láìfẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn.

“Tegan, ìwọ mà ń kánjú. Ẹ jẹ́ ká fi ife yìí sílẹ̀ di ọjọ́ míì.”

“Kí ló dé? Ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé mi ò ní wẹ̀?”

“Jẹ́ kí èmi bá ẹ mu ún, nígbà náà.”

“Ìwọ kẹ̀!” Bàbá Kerslake, tí igbe rẹ̀ lè jí òkú ní erékùṣù kejì, kígbe láti ìdí káńtà. “Ìwọ tó o fi kẹ̀kẹ́ kọlu màlúù tó dúró jẹ́ẹ́!”

Ilé pa ẹ̀rín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu tábìlì. “Gbé e! Gbé e! Gbé e!” Igi àjà ń mì, àwo ń jó. Brodie rọ omi náà kún ife títí dé ẹnu, kò wo ojú Hamish rárá.

Tegan gbé e. Ó gbé ẹnu sí i, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ti ń ṣe é láti inú ìyá rẹ̀. Ó gbé ẹnu kan mì. Iwájú orí rẹ̀ sún kì.

“Ah! Atalẹ̀ yìí le o!”

“Tuntun ni!” Brodie kígbe. “Máa mu ún lọ!”

Ó gbé ẹnu kejì mì. Hamish ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo aago. Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo Tegan. Ó fò dìde, orí rẹ̀ sì tún gbá igi àjà.

“Tegan, dúró! Ọtí wà nínú ẹ̀! Brodie da rọ́ọ̀mù sí i!”

Tegan yíjú sí i lójijì. Atẹ́gùn kó sí ìdí ife, gbogbo omi náà sì ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó wẹ̀ ẹ́ láti orí dé bàtà. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Dot fò bí aṣọ́lé orí pápá bọ́ọ̀lù, ó hán ife náà mọ́ àyà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Dot gbóòórùn ife. “Brodie Hallam.”

“Eré ni mo ń ṣe, Àǹtí.”

“Nínú ilé mi? Fún ọmọ tí kò tíì tó mu ọtí, tó fẹ́ wakọ̀? Gbé ìgò yẹn kalẹ̀. Jáde! Kí n má rí ẹ níbí mọ́ títí irùngbọ̀n ẹ á fi máa gbálẹ̀.”

Brodie ju ìgò sórí tábìlì. “Ẹnu méjì péré ló mu. Wa ọkọ̀ ẹ máa lọ, Tegan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.” Ó kọjú sí Hamish. “Olófòófó!” Ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ ògiri, ó lọ.

Aago kan ti kọjá. Ìrìn Launceston fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Fóònù Tegan dún, bàbá rẹ̀ àgbà ni: “Mo ti wà lójú ilé pẹ̀lú báàgì mi o, ọmọ mi. Ṣé o ti ń bọ̀?”

Tegan gbé fóònù náà kalẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́. Ó dúró. Omi rọ́ọ̀mù ń kán láti irun rẹ̀ sórí kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹnu méjì péré. Bóyá ọlọ́pàá ò sí lójú ọ̀nà. Bóyá ó ti ṣàn dànù. Bàbá ń dúró.

Ó tún kọ́kọ́rọ́ náà gbé kalẹ̀. “Mi ò ní wà á.” Ó yíjú sí èrò. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè gbé bàbá mi dé Launceston?”

Kálukú ń wo ìdí ife tirẹ̀. Àgbàlagbà kún ilé bí eṣú, kò sì sí ọ̀kan tí kò tíì mu bíà rẹ̀ dé ìdajì.

“Mo ti mu méjì, ọmọ mi,” Bàbá Kerslake ní, ó fi ọwọ́ bojú. “Ì bá mà ṣe pé mo mọ̀!”

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í fẹnu kan ọtí níbẹ̀, ìyẹn ni ẹni tó ń tà á. Òfin sì ni pé bí Àǹtí Dot ò bá sí nílé, ilé ọtí ò gbọdọ̀ ṣí. Ọ̀sán Sátidé sì nìyẹn, ìgbà tí ọjà ń tà jù lọ́sẹ̀. Ó wo èrò. Ó wo Tegan. Ó lu agogo ìdágbére tí wọ́n fi ń ti ilé ọtí lálẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lọ́sàn-án rí, kódà nígbà tí omi ya wọ ìlú.

“Gbogbo yín, ẹ jáde! Ẹ gbé àwo yín, ẹ lọ jẹ ẹ́ lójú pópó!”

Wọ́n sì jáde. Bàbá Kerslake gbé odidi itan àgùntàn mọ́ abíyá, ọbẹ̀ ń ṣàn wọ inú bàtà rẹ̀, kò ráhùn.

Wọ́n fi ọkọ̀ Àǹtí Dot gbé bàbá. Bàbá wà níwájú, Tegan wà lẹ́yìn, Hamish sì wọlé tì í láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Lórí afárá, ọlọ́pàá ti tò sójú ọ̀nà. Ọ̀kan na ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ọtí lẹ́nu awakọ̀ sí Àǹtí Dot, Àǹtí fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Ọlọ́pàá náà fa imú.

“Ta ló ń rùn bí rọ́ọ̀mù báyìí?”

“Èmi ni, sà,” Tegan ní. “Mi ò wakọ̀.”

Ọlọ́pàá wò ó, ó wo aṣọ rẹ̀ tó tutù, ó wo ẹsẹ̀ bàbá tó wú. “O ṣeun tí o ò wà á. Ẹ máa lọ.”

Nígbà tí wọ́n kọjá afárá, Tegan yíjú sí Hamish. “Ìgbà wo lo rí i, Hamish?”

“Kó tó gbé e wá.”

“Mo gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. O jókòó, o ń wò mí.”

“Ó kúkú sọ ọ́,” bàbá ní láti iwájú, láìyíjú padà.

“Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, Bàbá.”

“Ó pẹ́,” bàbá ní. “Òun náà mọ̀.”

Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ fi ẹlòmíràn sórí àga bàbá nígbà tí wọ́n wọlé. Díẹ̀ ló kù, ṣùgbọ́n bàbá ló jókòó sí i.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo àga bọ́ọ̀sì ilé ìwé “ti ní èèyàn”. Brodie fi báàgì sórí ọ̀kan, àwọn tó kù tẹ̀ lé e, wọ́n ń gbó mọ́ ọn bí ajá: “Olófòófó!” Hamish sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà. Ọkọ̀ kan tó ń hó bí ìkòkò, tó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ márùn-ún, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tegan ṣí ilẹ̀kùn.

“Wọlé. Mo ṣì ń bínú sí ẹ o.”

“Mo mọ̀.”

“Nígbà míì, kí n tó gbé ife ni kó o pariwo.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Hamish, ẹ gbọ́. Eré tó lè gba ẹ̀mí lọ́wọ́ bàbá ẹlòmíràn, kì í ṣe eré. Ẹni tó rí i tó dákẹ́ nítorí orúkọ tí wọ́n máa pè é, òun náà ti wà lára àwọn tó rọ ọtí náà. Orúkọ burúkú kì í pa èèyàn, ó kàn lè mú kí èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé ni. Ẹ pariwo, kí ẹ sì tètè pariwo.