Mi Ò Ní Júwe Ibi Tí Àwọn Ẹṣin Náà Wà

"Yéjídé, sọ̀rọ̀! Ṣé omi ló wà lẹ́nu ẹ ni?"

Bàbá mi ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ wa ní àdúgbò Falconridge lókè òkun níbí, lójú Bọ̀dá Bándélé, ọ̀rẹ́ wọn. Omi kọ́ ló wà lẹ́nu mi. Inú ló ń bí mi.

Ọdún 2015 ni, nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí iléeṣẹ́ epo dá Bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń wá òmíràn. Bọ̀dá Bándélé wá gbé ọ̀kan dé: kí Bàbá máa wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀gá òun, tó ń mú ẹṣin inú igbó tà fún alápatà. Ọ̀gá náà ní ìwé àṣẹ, àmọ́ snow ti pọ̀, kò rí ẹṣin kankan mú. Èmi mọ ibi tí wọ́n wà. Gbogbo Sátidé ni ẹgbẹ́ ayàwòrán iléèwé wa máa ń lọ ya fọ́tò wọn ní ẹsẹ̀ òkè.

"Ẹṣin tí ẹnikẹ́ni ò ni!" Bọ̀dá Bándélé ní. "Just júwe ẹ̀ fún mi, my dear. Dádì ẹ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè."

Irọ́ ni n óò pa tí mo bá ní kò ṣe mí bíi kí n júwe ẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí Mọ́mì ń ṣe tọ̀sán-tòru nìkan la fi ń jẹun.

"Mi ò ní júwe ẹ̀, sà."

Bàbá fò dìde. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́! Ẹṣin lásánlàsàn lo fẹ́ fi dí mi lọ́nà?"

"Kì í ṣe ẹṣin lásán, Dádì. Mo ti fún gbogbo wọn lóríkì. Abo tó ń ṣáájú wọn, tó máa ń fi pátákò gbẹ́ snow kí àwọn ọmọ lè rí koríko jẹ, Àbẹ̀kẹ́ ni mo ń pè é."

Háà! Oríkì ìyá tó bí bàbá mi nìyẹn.

"O fi oríkì ìyá mi pe ẹṣin?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Màmá kì í jẹun kí ọmọ tó yó. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi tà á fún alápatà ni?"

Bọ̀dá Bándélé rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín yìí ti bàjẹ́ o." Wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n jáde. Iṣẹ́ náà bá wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ayàwòrán mi mọ́, iléèwé bá yọ orúkọ mi. Mo sunkún, ó dùn mí wọra.

Nígbà tó yá, Bàbá rí iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan. Odindi ẹnjiníà! Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n dé, wọ́n jókòó tì mí.

"Mo ṣì ń bínú sí ẹ," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọmọ mi gbọ́dọ̀ dalẹ̀ kí n tó rí i, kì í ṣe iṣẹ́."

Wọn ò kúkú fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà o.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pàdé Bọ̀dá Bándélé ní ilé ìtajà Sunridge. Mo kúnlẹ̀ láàárín èrò, mo kí wọn. Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Mo tún kí wọn, mo gbóhùn sókè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún àgbà kó sì kọ ohun tí kò tọ́. Ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́.

Wọ́n wò mí nílẹ̀. "Ṣé o ti ṣetán láti júwe ẹ̀?"

"Rárá, sà," mo dáhùn lórí ìkúnlẹ̀.