Igbe Pẹ́pẹ́yẹ

"Mi ò lè tọrọ àforíjì lórí ohun tí mo mọ̀ pé òótọ́ ni, sà!"

Yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn ní Ìgbògbò ni wọ́n wà. Mùlíkátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, di ìwé ìdánwò rẹ̀ mú gírígírí. Òdo ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwálé, olùkọ́ wọn, fún un nínú ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, ó sì ní kó tọrọ àforíjì torí pé ó bá òun jiyàn.

Nínú ètò kọ̀ǹpútà kan tí a fi èdè Java kọ, kíláàsì Ẹyẹ, ìyẹn àpẹẹrẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń dá ẹyẹ, ní igbe, ó sì ní fífò. Kíláàsì Pẹ́pẹ́yẹ jẹ́ ọmọ rẹ̀: ó jogún fífò, ṣùgbọ́n ó ní igbe tirẹ̀. Bí a bá dá pẹ́pẹ́yẹ kan, tí a wá pè é ní Ẹyẹ, igbe ta ni yóò ké? Olùkọ́ ní ti Ẹyẹ. Mùlíkátù kọ ti Pẹ́pẹ́yẹ.

Wúràọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fà á láṣọ. "Gbà fún wọn, jàre. Èmi náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo ṣáà kọ ohun tí wọ́n fẹ́. Àbí o ò fẹ́ lọ sí ìdíje kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀pẹ́ ni?"

"Tí mo bá fi irọ́ débẹ̀, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe?" Ohùn Mùlíkátù ròkè. "Sà, tí kọ̀ǹpútà bá ń túmọ̀ ètò, á ṣe àtẹ, ìyẹn àkójọ ohun tó lè ṣe, fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Àtẹ ọmọ á kọ́kọ́ dà bíi ti òbí. Ibi tí ọmọ bá ti ní tirẹ̀, tirẹ̀ á rọ́pò ti òbí. Orúkọ yòówù ká pe pẹ́pẹ́yẹ, àtẹ tirẹ̀ náà ló gbé dání. Ẹ jẹ́ ká dán an wò!"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Jáde!" Olùkọ́ fagi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìdíje.

Kò sunkún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ ètò náà sínú ìwé, ó kúnlẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì olùkọ́. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò. Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwálé pè é. "Mo dán an wò. Pẹ́pẹ́yẹ ló ké. Èmi ni mo ṣìṣe. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n." Ó dá máàkì Mùlíkátù padà. "Ṣùgbọ́n o pariwo mọ́ mi. Wàá gé koríko ẹ̀yìn yàrá yìí."

"Ìyẹn tọ́ sí mi, sà. Ẹ má bínú."

Àmọ́ orúkọ àwọn olùdíje ti lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ti Wúràọlá wà níbẹ̀. Ti Mùlíkátù kò sí.

Níbi tó ti ń gé koríko, Wúràọlá bá a. Kò lè wò ó lójú. "Ṣé o ò kábàámọ̀?"

"Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, ohun tí mo máa kọ náà nìyẹn."

Ọ̀wọ̀ àgbà dára, ohùn pẹ̀lẹ́ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ òótọ́ kò gbọ́dọ̀ tìtorí ipò kankan sẹ́ ẹ.