Mo Sùn ní Aago Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi, kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Èmi ni mo pa iná. Kì í ṣe èṣù, kì í ṣe ológbò. Ọwọ́ mi yìí, tó ti hunjọ bí èèpo igi báyìí, òun ló nà síwájú, tó fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́tàlá ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Ìdí mi tóbi, ẹnu mi sì tóbi ju ìdí lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ ìgò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kẹ́mísírì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ yàrá kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ọpọ́n irin kan ni mo bá, ó kún fún omi, ìgò mẹ́fà rì sínú omi náà dé ọrùn, iná ẹlẹ́tíríkì sì ń jó lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi, káfíńtà tí kì í ṣe eré, ti fi ìgbájú kọ́ wa nílé pé iná tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, pípa ni. Mo bá pa á. Mo tiẹ̀ ń kọrin jáde.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́sàn-án, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró ti ọpọ́n náà, tẹmómítà lọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n pè wá wo òkú. Ó rọra béèrè bóyá mo mọ ẹni tó wọlé.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Mo bá yín pa iná tí ẹ gbàgbé."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ìdajì ẹ̀rín yẹn, ẹkún ni. Bí mo ṣe kọ́kọ́ pàdé baba àwọn ọmọ mi nìyẹn.

Ọ̀gá àgbà wa, obìnrin tó máa ń wo ènìyàn láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀, wọlé wá béèrè ẹni tó pa iná. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ní, "Èmi ni, mà. Mo gbàgbé ara mi."

Ọ̀gá fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó tún un ṣe. Bí àbájáde rẹ̀ bá dára, yóò dúró, yóò di olùkọ́. Bí kò bá dára, ìyá rẹ̀ ti ní kó máa lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní ìlú tó jìnnà, kó lọ máa ta táyà.

Kí ni mo lè fi san irú oore bẹ́ẹ̀? Ojú mi nìkan ni mo ní. Lọ́sàn-án, òun a máa lọ dúró ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọpọ́n. Mo ní kó jẹ́ kí n máa ka tẹmómítà fún un ní wákàtí wákàtí, láti aago kan títí di aago márùn-ún. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ṣọ́ iná náà, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó bí èmi yìí, kò ṣeé fọkàn tán. Ó gbé ìwé lé mi lọ́wọ́.

"Ohun tí o bá rí ni kí o kọ," ó ní. "Kì í ṣe ohun tí o rò pé mo fẹ́ rí."

Mo béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́ pé ènìyàn ń ṣọ́ omi gbígbóná bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Ó ní kẹ́mísírì máa ń sọ ohun tí nǹkan ń dà bí a bá pò ó mọ́ òmíràn. Iṣẹ́ tàwọn, kẹ́mísírì onífísíìsì, ń béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n àti ìṣirò bíi ti físíìsì dáhùn. Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan ń wo ooru àti agbára, òun ló ń sọ bóyá nǹkan lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, àti ibi tí yóò ti dúró. Ọ̀kan ń wo ìyára, ìyẹn ni tirẹ̀: ohun inú ìgò yẹn ń kan díẹ̀díẹ̀ bí ògì, ó sì fẹ́ mọ bó ṣe ń yára kan tó bí ooru bá dúró ní ogójì lójú tẹmómítà. Bí ooru bá sún, ìyára náà yí padà nìyẹn, ìṣirò bàjẹ́. Àwọn kan ń wo iná inú bátìrì. Àwọn kan ń wo ẹyọ bíńtín tí ojú kò lè rí, àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe sí wọn. Àwọn kan sì ń wo ibi tí ojú nǹkan méjì ti pàdé, irú bí ọṣẹ àti ọ̀rá.

"Ìyẹn ni tèmi," mo ní, mo na ọwọ́ mi tí ọṣẹ ti bó.

"Ó túmọ̀ sí pé o ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jù mí lọ."

Mo ní kí ló dé tí nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ kò kàn ṣẹlẹ̀ ká sinmi. Ó fọwọ́ kan igi fèrèsé. "Igi yìí lè jóná nínú afẹ́fẹ́ yìí. Ó ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún. Òkè kékeré kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gùn kó tó jó. Kí nǹkan lè ṣẹlẹ̀, kó sì tètè ṣẹlẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, Arẹwà."

Arẹwà. Èmi. Mo yíjú sí tẹmómítà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó rí ogójì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ní bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, òun fẹ́ fẹ́ mi. Bí kò bá sì yọrí, òun ṣì fẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé oúnjẹ kò wọlé fún mi mọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ mí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn òbí kò gbà. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ní ọmọ òun kò ní fẹ́ afọ̀gò. Ní alaalẹ́ ló máa ń fi iná tó pa bú u, pé aláìfarabalẹ̀ ni bíi baba rẹ̀ olóògbé, tó fi áyọ̀ọ́nù jó aṣọ oníbàárà mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ ń gbé èébú náà mì. Èmi ló ń há lọ́fun.

Bàbá tèmi ní tirẹ̀ ní ọkùnrin tó jókòó ti omi kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Aṣọ́mi ló ń pè é. Nígbà tí olólùfẹ́ mi wá kí i ní ìsọ̀, orí àpótí ìṣó ló jókòó sí, nítorí bàbá mi kì í jẹ́ kí àlejò fi ìdí kan àga tó bá ti parí. Ẹni tó ni ín nìkan, tàbí ẹbí, ló ń jókòó lé e.

Ní ọjọ́ kọkànlá, mo sùn lọ. Nígbà tí mo ta jí, aago mẹ́rin ku díẹ̀, ojú ìlà aago mẹ́ta sì ṣófo. Ogójì ló wà lókè rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ogójì náà ni tẹmómítà ń wí. Ta ló máa mọ̀? Bírò ti kan ìwé. Ni mo bá kọ ọ́ síbẹ̀: Mo sùn.

Ní ọjọ́ ìdájọ́, ìyá rẹ̀ wá bẹ ọ̀gá àgbà, ó jókòó lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Èmi ń gbé ìgò kọjá. Ọ̀gá ń ṣí ìwé náà, ó dúró.

"Ta ló kọ 'Mo sùn' síbí?"

Mo ní èmi ni. Ó béèrè ìdí tí n kò fi kọ ogójì.

"Mi ò rí i, mà."

Ó pa ìwé dé. "Ìwé tó jẹ́wọ́ oorun, mo lè gba ìyókù rẹ̀ gbọ́." Ó ní kí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ó yẹ kí n gbé ìgò mi máa lọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọjú sí i, ó ní ẹni tó ń fọ ìgò tiẹ̀ mọ òótọ́ sọ, ìwọ tí o pa iná ara rẹ ńkọ́? Ẹnu mi ló gbéra kí orí mi tó jí.

"Mà, kì í ṣe òun. Èmi ni mo pa iná. Ó fara rẹ̀ bò mí ni."

Ọ̀gá ní kí n fọ gbogbo ògbólógbòó ìgò inú yàrá ìkẹ́rùsí fún oṣù kan gbáko. Ìyá rẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gé aṣọ, ó sì jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Olólùfẹ́ mi ní ìyá òun kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti gbà pé ó parí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ń gbá èérún pákó ní ìsọ̀ bàbá mi nígbà tí obìnrin náà wọlé, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kí bàbá mi, kò sì fọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló gbé mi wá. Tèmi purọ́ nítorí rẹ̀. Tiyín sọ òótọ́ nítorí tèmi. Mi ò mọ èyí tó gọ̀ jù, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n jọ máa gbé ibì kan náà, ká lè rí wọn ṣọ́."

Bàbá mi ń fá pákó lọ. Kò gbójú sókè. Obìnrin náà wo àpótí ìṣó tí ọmọ rẹ̀ ti jókòó lé rí, ó wo àwọn àga tuntun tó tò sára ògiri.

"Ọmọ mi sọ fún mi pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀, kó sì pẹ́," ó ní. "Mo ti múra láti dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí, bàbá ìyàwó. Ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn fún mi."