Ìdí Búrẹ́dì Àkọ́kọ́

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sùn lálẹ́, kò jí mọ́. Ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ló bá a lórí ẹní, ó ti tutù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì ń gbé páànù àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ fèrèsé. Kí wọ́n tó sin ín, àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á. Àwọn èèyàn tí kò mọ oògùn ibà, bí ọmọ bá ti kú báyìí, gbogbo wọn á di adájọ́.

Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni. Obìnrin òdìkejì ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní Rédíò nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló rí i lójú fèrèsé. Ó ní aago méjì òru ni Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ gún ìka ọmọ, tó fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, tó ń wò ó lábẹ́ iná. Òwìwí sì ń ké lórí òrùlé. Òwìwí! Níbi tí eku ti ń jẹ fúláwà yó, ibo lẹ fẹ́ kí òwìwí lọ?

Àìsàn méjì lọmọ náà ní, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Eléjí nítorí àlàfo eyín rẹ̀, sì ní méjèèjì. Ọ̀kan ni àtọ̀gbẹ. Bí kò bá gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, yóò kú. Bó bá gbà á tí oúnjẹ kò sì dúró nínú rẹ̀, ṣúgà ara rẹ̀ á já wálẹ̀, ìyẹn náà lè pa á. Ìdí tí ìyá fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóru nìyẹn. Èkejì ni pé ìfun rẹ̀ kò gba àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà búrẹ́dì, ì báà ṣe èérún. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni o.

Aránṣọ ya ìkòkò sọ́tọ̀, ó ya abọ́ àti síbí sọ́tọ̀. Ife kan náà ló fi ń wọn ìrẹsì ọmọ lójoojúmọ́. Ẹnu ọ̀nà lọkọ rẹ̀ ti ń bọ́ ẹ̀wù oníyẹ̀fun kó tó gbé ọmọ. Síbẹ̀ Eléjí ń bì, ó ń gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan ni òógùn bò ó lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ìyá rẹ̀ ń fi omi ṣúgà ra ètè rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

Ìyá ọkọ ló wá le jù. Òun ló ni ilé búrẹ́dì, òun ló sì ń ṣọ́ àṣà ilé: ìdí búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó bá jáde ní ìdájí, ìyẹn ègé ìparí rẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá le ló ń jẹ ẹ́, kó lè lágbára. Aránṣọ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má fún Eléjí. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń bi ẹni gbogbo pé obìnrin tó fi ebi pa ọmọ nínú ilé búrẹ́dì, tó tún ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é? Ó ní tó bá di Sátidé, òun á gba ọmọ, òun á da abẹ́rẹ́ yẹn sí ṣáláńgá, kí àjẹ́ sì máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ọkọ tó ń po àpò fúláwà mẹ́wàá lójúmọ́ kò lè la ẹnu.

Aránṣọ mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ yẹn bá lọ, Eléjí kò ní rí Sátidé kejì. Ó ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì tó ń bá a tọ́jú ọmọ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn kún yàrá ìránṣọ. Rédíò tí ẹnikẹ́ni kò pè ló jókòó síwájú. Nọ́ọ̀sì, àgbàlagbà tí kì í rojọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé tí Aránṣọ ń kọ iye ṣúgà àti èébì ọmọ sí wá. Ó ṣí i títí, ó fi ìka tẹ ojú ewé kan.

“Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko nìyí. Kò bì, kò gbọ̀n. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn?”

Rédíò ní bóyá àwọn àjẹ́ lọ sí ìsinmi ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ ló dáhùn.

“Ìgbà tí ààrò wó ni. A ò ṣe búrẹ́dì.”

Eléjí, tó jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀, gbójú sókè. “Kò sí ìdí búrẹ́dì nígbà yẹn. Màmá àgbà ní kí n má sọ.”

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní bí àtàǹpàkò báyìí ni. Ó ní bí ọmọ ṣe ń gbẹ sí i lòun ń gé e tóbi sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi í, pé òun fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà, títí dé àárọ̀ tó ṣíwájú ikú rẹ̀. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó bi í bóyá ìyẹn ló pa á. Nọ́ọ̀sì kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Aránṣọ dìde. Inú tó bí i ju ẹkún lọ.

“Lórí sàréè ọmọ mi lẹ ti pè mí ní àjẹ́, Màmá. Mò ń kúnlẹ̀ kí yín láràárọ̀, ẹ̀yin sì ń nu èérún kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí n má bàa rí i.”

Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti tó. Kò gún ọmọ. Ó kó abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ka iye ṣúgà lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó fa ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lónìí, lójú gbogbo wọn. Rédíò ń yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ dí ibẹ̀, ó ní kó jókòó kó wò ó dáadáa.

Ìyá àgbà mú abẹ́rẹ́ náà. Eléjí na ìka sí i bó ṣe máa ń ṣe.

“Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gún, Màmá àgbà. Ibẹ̀ kì í dùn mí jù.”

Ẹ̀jẹ̀ yọ, díẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ gbé iye rẹ̀ jáde. Aránṣọ ṣí ìwé sí ojú ewé tòní, ó fi bírò lé e.

“Ẹ kọ iye yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tó jẹ láàárọ̀ yìí sí i.”

Ìyá àgbà kọ iye náà. Ó di bírò mú fún ìgbà díẹ̀, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí ìwé. Lẹ́yìn náà ló kọ búrẹ́dì.