Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Tí Ọ̀dà Pa Lẹ́nu Mọ́

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe, tí epo bẹntiróòlù sì wà nítòsí rẹ̀, kó má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún nílé agbẹ̀bí. Ìrọbí ti mú aboyún kan ní òdìkejì àbàtà. Obìnrin náà ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kó kú. Agbẹ̀bí ti ṣèlérí fún un pé kò ní dá bí èyí. Ọkọ̀ kò lè gba ọ̀nà ẹrẹ̀ yẹn. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nìkan ló ń là á kọjá.

Alùpùpù náà wà lẹ́yìn ilé, ó ń dán yinrin. Omi ló wọ inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ agbẹ̀bí, tí í ṣe káfíńtà, ló tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀, tó sì tún un tò pa dà. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo kò ṣẹ́kù sílẹ̀. Kó tó tò ó, ó fi ọ̀dà pupa kun gbogbo irin rẹ̀ tinútẹ̀yìn. Lójú káfíńtà, iṣẹ́ tí kò bá tíì dán, kò tíì parí.

Káfíńtà gbàdúrà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí ìṣe rẹ̀:

"Akọ ẹṣin tí kì í jẹ koríko!
Arìnnú-ẹrẹ̀-má-yọ̀!
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò ní pátákò,
Gbé ìyàwó mi lọ, gbé e bọ̀!"

Ẹ̀rọ ń yí, gí-gí-gí-gí, ṣùgbọ́n kò jí.

Onígbàjámọ̀ tó jẹ́ aládùúgbò wọn na ọrùn lókè ògiri. "Bàbá Ìbejì, bóyá oríkì ìyá ẹ̀ lo gbàgbé!"

"Máa rẹ́rìn-ín lọ. Orí tí o fá lánàá ṣì ń ta ẹni tó ni ín."

"Epo ni kò dé ibẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Bu bẹntiróòlù sí i lọ́fun, kí o wá yí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe alùpùpù bàbá mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ káfíńtà létí, nítorí alùpùpù àtijọ́ oníkabúrétọ̀, ìyẹn irin tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, lòun náà fi mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó bu epo sínú abọ́. Ó mú sípánà, ó fẹ́ tú rọ́bà tí epo ń gbà, kó lè wò ó bóyá epo ń wá. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀. Omi ń hó lórí sítóòfù.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dúró ná," ni agbẹ̀bí wí. "Mo ti pe Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí wọ́n tó dé, mo ti parí ẹ̀. Ṣebí obìnrin yẹn ń rọbí ni?"

"Ó ń rọbí. Bí a bá sì ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ dúró."

Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń tún ọkọ̀ àwọn panápaná ṣe. Kò pẹ́ tó fi dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ilé ìdáná ló gbà lọ tààrà, ó pa sítóòfù. Ó gbé abọ́ epo jìnnà sí ilé, ó dà á pa dà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì dé e pinpin.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n," ni káfíńtà wí.

"Díẹ̀ ló kù kí o sọ àbúrò mi di opó, o wá ń kí mi káàárọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, epo díẹ̀ ni o!" Onígbàjámọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí ògiri.

"Ìwọ, orí ni kí o máa fá. Òórùn bẹntiróòlù kì í dúró sínú abọ́. Ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò ni títí yóò fi bá iná. Bí o bá sì bu ú sí ẹ̀rọ lọ́fun, tí ẹ̀rọ wá húkọ́, ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni iná ń bà."

"Rọ́bà tí mo fẹ́ tú ńkọ́?" ni káfíńtà bi í.

"Àna mi, nínú alùpùpù àtijọ́, epo ń ṣàn wọlé fúnra ẹ̀ bí omi. Èyí kò ní kabúrétọ̀. Pọ́ǹpù inú táńkì ló ń fi agbára ti epo. Tí o bá tú rọ́bà ẹ̀ kí agbára yẹn tó rọlẹ̀, yóò tu sí ọ lára bí oró sèbé. Wo ibi tí sítóòfù wà."

Káfíńtà bojú wẹ̀yìn. Ó rọra fi sípánà sílẹ̀.

"Ó dáa. Tan kọ́kọ́rọ́. Má tíì yí ẹ̀rọ."

Káfíńtà tan án. "Akọ ẹṣin tí kì í—"

"Dákẹ́! O ti kì í tó. Jẹ́ kí òun náà fọhùn."

Gbogbo wọn dákẹ́. Onígbàjámọ̀ pàápàá pa ẹnu mọ́.

"Kí lẹ gbọ́?"

"A ò gbọ́ nǹkan kan," ni agbẹ̀bí wí.

"Àìsàn ẹ̀ nìyẹn. Tí a bá tan kọ́kọ́rọ́, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ kùn, hùùùn, bí oyin tó há sínú ìgò. Ó ti yadi látàárọ̀, ariwo oríkì ni kò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Kí á tó fọwọ́ kan epo, iná bátìrì ni kí á kọ́kọ́ wá."

Ó yẹ bátìrì wò, ó dáa. Fíùsì kò jó. Wáyà wọ ẹnu pọ́ǹpù dáadáa. Ó wá tọ wáyà dúdú kan lọ títí dé ibi tí nọ́ọ̀tì ti dè é mọ́ irin alùpùpù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló kun ibí?"

"Èmi ni. Ṣé kò dán ni?"

"Ó dán, ó sì ti pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́! Wáyà yìí ló ń dá iná pa dà sí bátìrì, ara irin ló sì ń bá lọ. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ọwọ́ ẹ ló dí i, ọwọ́ ẹ náà ni yóò ṣí i. Lọ mú sáńpépà wá."

Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì kúrò. Inú káfíńtà dùn, nítorí iṣẹ́ sáńpépà ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin fi funfun. Wọ́n de wáyà pa dà, wọ́n so bátìrì, káfíńtà tan kọ́kọ́rọ́.

Hùùùn.

"Olúwa, o ṣeun!" Agbẹ̀bí ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n pa kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n tún tan án, kí epo lè kún rọ́bà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i. Ẹ̀rọ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ké ramúramù. Agbẹ̀bí gùn ún, ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará wa, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹ bá tún ẹ̀rọ tò tí kò jí, ẹ má bu epo sí i lọ́fun. Ẹ má tú rọ́bà epo nítòsí sítóòfù, àtùpà tàbí ẹni tó ń mu sìgá. Ẹ gbé e síta gbangba, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tẹ́tí sí pọ́ǹpù. Bí kò bá kùn, ẹ wo bátìrì, fíùsì àti wáyà, pàápàá ibi tí ọ̀dà tuntun bá bo irin. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti rọ́bà, ẹ pe ẹni tó mọ bí a ṣe ń rọ agbára epo sílẹ̀. Àdúrà dára, oríkì dùn. Àmọ́ Ọlọ́run tó fún wa lẹ́nu ló fún wa létí.

Nígbà tí oòrùn gòkè, fóònù káfíńtà dún. Agbẹ̀bí ni.

"Ó ti bí, ara ìyá sì le. Obìnrin ni."

Káfíńtà fò sókè. "Àṣàkẹ́! Arẹwà tí agbẹ̀bí gba inú ẹrẹ̀ lọ pàdé! Ọmọ tí—"

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn ọmọ náà."